Àwọ̀ Wa Kò Dúdú Jù, Kọ̀ǹpútà Yín Ló Mọ́lẹ̀ Jù

Ẹ jẹ́ kí á sojú abẹ níkòó. Gbólóhùn kan wà tó ti di àkọ́sórí lẹ́nu àwọn tó ń tẹ fọ́tò nínú ilé wọn ní Ṣàngótẹ̀dó, ó sì ti tó àkókò kí ẹnìkan dá wọn lóhùn. Gbólóhùn náà nìyí: “Màmá, ẹ má bínú, àwọ̀ yín ló dúdú ni fọ́tò náà ò ṣe mọ́.”

Ẹni tó ń sọ ọ́ kò ní in lọ́kàn láti bú ẹnikẹ́ni. Ohun tó rí ló sọ. Fọ́tò náà mọ́ kedere lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì ṣókùnkùn nígbà tó jáde sórí bébà. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó wo bébà, ó wo màmá tó jókòó níwájú rẹ̀, ó sì dá ẹjọ́ lójú ẹsẹ̀: màmá ló jẹ̀bi. Kọ̀ǹpútà kò rojọ́, bébà kò rojọ́, àwọ̀ ara ènìyàn ni wọ́n di ẹ̀bi rù.

A kò gba ẹjọ́ yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ni wá, a kì í ṣe ẹlẹ́rọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá ti kan bí a ṣe ń pe àwọ̀ ara ènìyàn, ọ̀rọ̀ tiwa ni. A wádìí rẹ̀, a bi àwọn tó mọ̀ ọ́n léèrè, a sì rí i pé ìdájọ́ náà kò tọ̀nà nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, kò tọ̀nà nínú èdè, kò sì bá àṣà wa mu. A ó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan Ṣàngótẹ̀dó

Ẹni tó bá mọ títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ yóò mọ ohun tí a ń sọ. Ṣómólú ni a mọ̀ sí ìlú àwọn atẹ̀wé ní Èkó. Kí ará Ṣàngótẹ̀dó tó dé ibẹ̀, yóò la Ajah kọjá, yóò la Lẹ́kí kọjá, yóò gun afárá lọ sí òdìkejì ọ̀sà, sún kẹrẹ fà kẹrẹ yóò sì ti jẹ ọjọ́ náà tán. Ta ni yóò torí fọ́tò mẹ́ta rin irú ìrìn yẹn? Láti ọdún 2016 tí wọ́n ti ṣí mọ́ọ̀lù Novare, ilé ń pọ̀ sí i, èrò ń pọ̀ sí i, àwọn tó ń ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sílé náà sì ń pọ̀ sí i. Ẹ̀rọ Epson tàbí Canon tó ń lo ìńkì inú táǹkì, páálí bébà dídán kan, kọ̀ǹpútà alágbèéká kan: yàrá ti di ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Ibẹ̀ ni a ti ń tẹ fọ́tò ìkómọ, fọ́tò ọjọ́ ìbí, fọ́tò ìgbéyàwó tí a fẹ́ gbé kọ́ sára ògiri, àti ìwé ètò ìsìnkú tí wọ́n ń fẹ́ kíákíá ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ fún òkú ọjọ́ Ẹtì.

A kò bẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló fi ń san owó ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ohun tí a ń bá wí ni àṣà kan tó ń bá a rìn: kí a gba ojú kọ̀ǹpútà gbọ́ ju ojú ènìyàn lọ.

Iná ni ti kọ̀ǹpútà, ìńkì ni ti bébà

Kọ̀ǹpútà kì í kun àwọ̀, iná ló ń tàn. Iná kéékèèké ló kún ojú rẹ̀ ní mẹ́ta mẹ́ta: pupa, àwọ̀ ewé, àti búlúù. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tàn tán pátápátá, funfun ni a ó rí. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kú, dúdú ni. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní tirẹ̀ kò ní iná kankan. Ìńkì ló ní: cyan, magenta, yẹ́lò àti dúdú. Bí ìńkì bá ṣe ń pọ̀ tó lórí bébà ni ibẹ̀ ń ṣókùnkùn tó, nítorí ńṣe ni ìńkì ń jẹ lára ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sórí bébà. Funfun tí ẹ ń rí nínú fọ́tò kì í ṣe ìńkì rárá, bébà gan-an ni. Fọ́tò orí bébà kò lè mọ́lẹ̀ ju iná tí a fi ń wò ó lọ láéláé.

Nítorí náà, àwọ̀ kan wà tí kọ̀ǹpútà lè fi hàn tí ìńkì kò ní lè ṣe. Búlúù aṣọ ẹbí tó ń tàn yòò lójú kọ̀ǹpútà, àti àwọ̀ ewé tó ń gún ni lójú bí iná ìpolówó ọjà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé inú ilé yóò mú wọn rọlẹ̀ díẹ̀. Kò sí ẹni tó lè bá ìyẹn jà. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ara ènìyàn kò sí lára wọn. Àwọ̀ ara wa, láti orí ẹni tó dúdú jù lọ dé orí ẹni tó pupa jù lọ, wà nínú ohun tí ìńkì mẹ́rin náà lè ṣe dáadáa. Tí ojú màmá bá wá bàjẹ́ lórí bébà, kì í ṣe pé ìńkì kò lè ṣe é. Ibòmíràn ni kí a ti wá ẹ̀bi náà.

Bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ni í wò. Ẹ jẹ́ kí àwa náà wo ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń ti ilé-iṣẹ́ bọ̀ ló ń tàn ju bó ṣe yẹ fún iṣẹ́ fọ́tò lọ, torí pé nínú ṣọ́ọ̀bù tí iná ti kún, èyí tó bá tàn jù ló ń fa ojú oníbàárà. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń díwọ̀n ìtànná ojú kọ̀ǹpútà ni cd/m². Àwọn tó ń fi fọ́tò títẹ̀ ṣe iṣẹ́ gidi máa ń fi tiwọn sí àárín 80 sí 120. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tuntun lè tàn dé 250 tàbí 300 bí a bá fa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dé òpin, òpin yẹn sì ni ọ̀pọ̀ wa fi í sí.

Kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ẹni tó jókòó síwájú iná 300 rí fọ́tò màmá, ó mọ́ kedere, gbogbo ìlà ojú hàn. Ó tẹ̀ ẹ́. Bébà kò ní iná kankan, fọ́tò sì jáde ní òkùnkùn. Ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ náà yóò ṣókùnkùn díẹ̀, ṣùgbọ́n òun ní àyè tó lè fi ṣòfò. Ẹni tó dúdú kò ní àyè yẹn. Ìjìnlẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ilà ojú rẹ̀ bó bá kọlà, etí gèlè tó bo iwájú orí rẹ̀, apá tó ṣókùnkùn nínú fọ́tò ni gbogbo wọn wà, apá yẹn sì ni bébà ti ń kọ́kọ́ pàdánù. Àṣìṣe kan náà ni fún ẹni méjèèjì, ọ̀kan nìkan ló hàn lára rẹ̀, òun náà ni a sì dá lẹ́bi.

“Ẹ jẹ́ kí n bá yín mú un mọ́ díẹ̀”

Èyí tó burú jù ni oògùn tí wọ́n ń fún àìsàn náà. Dípò kí bọ̀ọ̀dá tó ń tẹ fọ́tò fa ìmọ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà rẹ̀ wálẹ̀, fọ́tò ló ń fà sókè. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá. Bó ṣe ń fa á sókè ni gbogbo ojú ń gòkè pọ̀: ibi tó yẹ kó dúdú di àwọ̀ eérú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ pọ́n rúsúrúsú, iṣẹ́ ara léèsì funfun parẹ́ di funfun lásán. Fọ́tò wá mọ́ lóòótọ́. Ta wá ni ẹni tó wà nínú rẹ̀?

Kò sí ibi tí ìbéèrè yìí ti dunni tó ìwé ìsìnkú. Fọ́tò tó gbẹ̀yìn tí ọ̀pọ̀ mọ̀lẹ́bí yóò ní nípa ìyá wọn ni fọ́tò iwájú ìwé ètò yẹn. Òun ni wọn yóò gbé kọ́ sí pálọ̀, òun ni ọmọ-ọmọ tí kò bá ìyá àgbà láyé yóò mọ̀ sí ojú rẹ̀. Tí a bá sọ adúmáadán di aláwọ̀ eérú níbẹ̀, a ti yí ìrántí ilé kan padà nìyẹn, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Yorùbá kò fi ọ̀rọ̀ jíjọra ṣeré rí. Ní Ọ̀wọ̀, nígbà àtijọ́, wọ́n máa ń gbẹ́ àkó fún ẹni ńlá tó kú: ère tó tó ènìyàn ní gíga, tí wọ́n wọ aṣọ olóògbé fún, tó sì gbọ́dọ̀ jọ ọ́ kí ìsìnkú rẹ̀ tó pé. Ní ọdún 1978, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Stephen Sprague kọ̀wé nípa fọ́tò láàárín Yorùbá. Ó ròyìn bí àwọn ìdílé kan ṣe ń fi fọ́tò rọ́pò ère ìbejì: bí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì bá kú, wọ́n á ya èyí tó kù, wọ́n á sì tẹ fọ́tò rẹ̀ ní ìlọ́po méjì sórí bébà kan náà, kí àwọn méjèèjì lè tún jọ jókòó. Ẹni tó tẹ fọ́tò yẹn mọ̀ pé ojú ènìyàn ló wà lọ́wọ́ òun. Ìdí wo ni àwa tí a ní ẹ̀rọ tó dára ju tiwọn lọ yóò fi máa fi ojú ènìyàn ṣe ohun tó bá wù wá?

Ẹjọ́ yìí ti pẹ́ nílé ayé

Ẹ má rò pé Ṣàngótẹ̀dó ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ pé àwọ̀ dúdú ni kò jẹ́ kí fọ́tò dára. Nígbà tí fọ́tò aláwọ̀ ń gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1950, ilé-iṣẹ́ Kodak máa ń fi káàdì kan ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìfọ́tò. Àwòrán obìnrin òyìnbó kan ló wà lórí rẹ̀. Wọ́n ń pè é ní káàdì Shirley, látara orúkọ òṣìṣẹ́ Kodak tó kọ́kọ́ jókòó fún un. Bí àwọ̀ Shirley bá ti jáde dáadáa, a jẹ́ pé ẹ̀rọ pé nìyẹn. Ẹni tí kò bá jọ Shirley, kí ó máa fara dà á. Nínú fọ́tò kíláàsì tí ọmọ dúdú àti ọmọ funfun jọ jókòó, ti ọmọ funfun á hàn, ti ọmọ dúdú á di ojú àti eyín nìkan.

Lorna Roth, ọ̀mọ̀wé kan ní Kánádà, ló tọ pinpin ìtàn yìí nínú ìwádìí tó tẹ̀ jáde ní ọdún 2009. Ohun tó wà níbẹ̀ yani lẹ́nu. Lára àwọn tí ẹ̀hónú wọn mú kí Kodak tún fíìmù rẹ̀ ṣe ni àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì àti àwọn tó ń ṣe àga onígi, torí pé fíìmù náà kò lè ya àwọ̀ ilẹ̀ dúdú ọjà wọn kó yàtọ̀ síra. Igi àti ṣokoléètì rí alágbàwí kí ojú àwọn ìyá wa tó rí. Àwọn ọdún 1990 ni káàdì tó ní obìnrin funfun, obìnrin dúdú àti obìnrin ará Éṣíà pọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀ fún wa? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń sọ fún àwọn ènìyàn dúdú pé àwọ̀ wọn ló ṣòro láti yà. Nígbà tí wọ́n tún fíìmù ṣe tán, ìṣòro náà lọ sílẹ̀, àwọ̀ ẹnikẹ́ni kò sì yí padà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, Google náà gbé fóònù Pixel 6 jáde pẹ̀lú ètò tí wọ́n pè ní Real Tone, tí wọ́n ṣe kí kámẹ́rà má baà máa sọ àwọ̀ dúdú di àwọ̀ eérú. Ilé-iṣẹ́ ńlá gan-an ti gbà pé ẹ̀rọ ni kí á tún ṣe. Ẹ wo ìtìjú tó máa jẹ́ bí ó bá jẹ́ pé àwa, ọmọ Yorùbá ní ilẹ̀ Yorùbá, ni yóò gbé ìdájọ́ àtijọ́ yẹn padà wá sínú yàrá wa.

“Ó pupa jù”: èdè àìyedè

Apá tó kan iṣẹ́ tiwa gan-an la dé yìí. Màmá kan gba fọ́tò rẹ̀, ó wò ó, ó ní, “Ọmọ mi, ó pupa jù.” Ọmọ lọ sórí kọ̀ǹpútà, ó dín pupa kù. Fọ́tò kejì jáde, ojú màmá ti ń fà sí àwọ̀ ewé. Màmá bínú, ọmọ náà bínú, bébà méjì ti ṣòfò. Kí ló ṣẹlẹ̀? Èdè Yorùbá ni màmá sọ, èdè òyìnbó ni ọmọ gbọ́. Ohun tí màmá ń wí ni pé, “Ẹ ti sọ mí di ènìyàn pupa, èmi kọ́ nìyí.” Ìmọ́lẹ̀ ló yẹ kí ọmọ náà dá padà, kì í ṣe pupa ló yẹ kó yọ.

Pupa tiwa gbòòrò. Epo pupa ni, ènìyàn pupa ni, pupa inú ẹyin náà pupa ni, bẹ́ẹ̀ òyìnbó á pe pupa ẹyin ní yẹ́lò. Dúdú náà gbòòrò bẹ́ẹ̀: a ń pe ewé tó jinlẹ̀ ní dúdú, a ń pe aṣọ tó mu aró dáadáa ní dúdú. Látàrí èyí ni àwọn kan fi ń fọ́nnu pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún àwọ̀, pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ fọ́tò kó yáa máa sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Irọ́ gbuu ni. Ẹ lọ bi ọ̀rọ̀ àpọ́nlé wa. Pupa fòò kì í ṣe pupa rúsúrúsú: èkíní mọ́, ó sì tàn, èkejì ti dàpọ̀ mọ́ ìdọ̀tí. Ọ̀rọ̀ kan péré, “rúsúrúsú”, ti sọ ohun tó ṣe fọ́tò yẹn fún ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá. Ẹ wo dúdú bí kóró iṣin, kí ẹ tún wo dúdú bí èédú. Méjèèjì dúdú, ṣùgbọ́n kóró iṣin ń dán, èédú kò dán. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín bébà dídán àti bébà tí kò dán gan-an nìyẹn, ìyá wa sì ti mọ̀ ọ́n kí ẹnikẹ́ni tó ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Ẹ sì wo oríkì ẹwà méjì tí a ní: apọ́nbéporẹ́ fún ẹni tó pupa, adúmáadán fún ẹni tó dúdú. A kò sọ pé “adúmáamọ́”. Dídán ni a fi yin dúdú, a kò fi mímọ́ yìn ín. Ẹwà àwọ̀ dúdú wà nínú bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń jó lórí rẹ̀ nígbà tí ìyókù ṣì jinlẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá fa gbogbo ojú sókè ti pa ìjìnlẹ̀ náà, ó sì ti pa dídán pẹ̀lú, torí pé láìsí ibi tó ṣókùnkùn, ibi tó ń dán kò ní hàn. Àwọn baba ńlá wa fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ ohun tí ìwé ìmọ̀ fọ́tò ń fi orí ìwé kan ṣàlàyé.

Káàdì tiwa: ẹtù, àlàárì, sányán

Bí ti Kodak bá ní Shirley, kí ni ó dé tí àwa kò fi ní tiwa? Ó ti wà nínú àpótí aṣọ ìyá yín. Aṣọ òkè mẹ́ta tí gbogbo Yorùbá mọ̀ ni ẹtù, àlàárì àti sányán. Ẹ yá wọn, ẹ tẹ́ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn síbi fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ti ń wọlé, kí ẹni tó dúdú kan àti ẹni tó pupa kan gbé ọwọ́ lé e, kí ẹ yà á. Ẹ pa gbogbo ohun tí fóònù fi ń ṣe ojú lóge. Ẹ wá tẹ̀ ẹ́ láìfọwọ́ kan nǹkan kan.

Aṣọ aláró ni ẹtù, ó jinlẹ̀, ó sì ní àwọn fọ́nrán tínínrín lára. Bí fọ́nrán wọ̀nyẹn bá parẹ́ lórí bébà, òkùnkùn ti pọ̀ jù, irú ẹni tó dúdú náà yóò sì ti pàdánù ojú rẹ̀. Àlàárì ní pupa tó jinlẹ̀. Bó bá di àwọ̀ ọsàn tàbí píńkì, ọ̀rọ̀ wà nínú ìńkì magenta, tàbí nínú bí kọ̀ǹpútà ṣe ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Sányán ní àwọ̀ ilẹ̀ tó rọra, kò pariwo. Òun ni amí: bí àwọ̀ ewé tàbí píńkì bá yọ́ wọnú fọ́tò, ara sányán ni ẹ ó ti kọ́kọ́ rí i.

Ibi tí a fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí nìyí: nígbà tí bébà bá jáde, ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ náà, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ tí ẹ yà. Aṣọ àti ọwọ́ ni onídàájọ́. Ẹlẹ́rìí lásán ni kọ̀ǹpútà, a sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún un ṣe kí ẹ̀rí rẹ̀ tó ṣe é gbà.

Bí a ṣe ń tún un ṣe

Èyí kò ní owó nínú púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà wà ní títàn fún ìdajì wákàtí. Ẹ pa ètò tó ń yí ìmọ́lẹ̀ padà fúnra rẹ̀ àti èyí tó ń mú ojú kọ̀ǹpútà pọ́n lálẹ́. Ẹ ṣí ojú ewé funfun kan tí kò ní nǹkan kan nínú, kí ẹ gbé bébà fọ́tò yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tí ẹ ó fi máa wo fọ́tò. Bí funfun kọ̀ǹpútà bá dà bí iná mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà, ẹ fa á wálẹ̀ títí méjèèjì yóò fi jọra. Yóò kọ́kọ́ dà bí ẹni pé kọ̀ǹpútà ti ń kú lọ. Ẹ ní sùúrù, ojú yín yóò mọ̀ ọ́n lára. Bí funfun náà bá ń fà sí búlúù, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń yan irú funfun, kí ẹ yan 6500K.

Ẹ ṣọ́ gílóòbù yín. Gílóòbù aláwọ̀ ọsàn ń fúnni ní ìmọ́lẹ̀ bí 3000K, èyí tó funfun báláú sì máa ń tó 6500K. Fọ́tò kan náà yóò pọ́n lábẹ́ èkíní, yóò sì tutù lábẹ́ èkejì. Iná tí àwọn atẹ̀wé fẹnu kò lé lórí ní gbogbo àgbáyé ni 5000K. Ẹni tí kò ní in, kó lọ síbi fèrèsé lọ́sàn-án, kó má sì jẹ́ kí oòrùn ta sí fọ́tò náà tààrà.

Kí ẹ tó tẹ fọ́tò oníbàárà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ tẹ ojú ewé àyẹ̀wò ihò ìńkì. Ihò cyan kan tó dí ti tó láti mú kí gbogbo ènìyàn inú fọ́tò pọ́n. Ẹ sọ òótọ́ fún ẹ̀rọ nípa irú bébà tó wà nínú rẹ̀, torí pé bí ẹ bá fi bébà dídán sí i tí ẹ ní lásán ni, iye ìńkì tí yóò dà sílẹ̀ yóò yàtọ̀. Láti ọdún 1993 ni ẹgbẹ́ kan tí Adobe, Apple, Kodak àti Microsoft wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ti ṣètò ICC profile, ìyẹn fáìlì tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí ẹ̀rọ kan, ìńkì kan àti bébà kan ṣe ń ṣe àwọ̀. Ẹ lò ó. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ṣoṣo ni kó máa darí àwọ̀: yálà ètò tí ẹ fi ṣí fọ́tò, tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Bí àwọn méjèèjì bá ń ṣe é pọ̀, ọkọ̀ onídẹ́rẹ́bà méjì ni, inú igbó ni yóò já sí. Ẹ sì rántí pé profile tí ilé-iṣẹ́ ṣe fún ìńkì tirẹ̀ kò mọ ìńkì àdàlù tí ẹ rà nínú ìgò aláìlórúkọ.

Ní ìparí, ẹ jẹ́ kí fọ́tò gbẹ kí ẹ tó dá ẹjọ́. Ìńkì tútù àti ìńkì gbígbẹ kì í ní àwọ̀ kan náà.

Àwíjàre wọn

Wọ́n á ní, “Owó ẹ̀rọ tó ń díwọ̀n àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà ti pọ̀ jù.” Lóòótọ́, Spyder tàbí Calibrite kì í ṣe owó kékeré. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí a kà sílẹ̀ lókè yìí kò ní in nínú, wọ́n sì ti tó láti lé ìdajì ìṣòro náà lọ. Fún ìyókù, ẹyọ kan tó fún odidi àdúgbò. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, a kì í sì í ṣe é lójoojúmọ́. Ẹ̀yin tí ẹ jọ ń dá èsúsú kó lè jọ dá owó èyí náà. Ètò DisplayCAL tó lè bá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, ọ̀fẹ́ ni.

Wọ́n á ní, “Oníbàárà gan-an ló ń fẹ́ kí á mú òun mọ́.” A gbà pé irú wọn wà. Ìpolówó ìpara tó ń bó àwọ̀ ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn jà. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn béèrè yàtọ̀ sí ohun tí a ṣe fún un láìbéèrè. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ojú tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an fún un. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé kí ẹ mú òun mọ́ nítorí pé fọ́tò tí ojú wọn ti sọnù nínú òkùnkùn ni wọ́n ti ń gbà látọjọ́ pípẹ́. Kì í ṣe mímọ́ ni wọ́n ń wá. Wọ́n ń wá kí ojú àwọn hàn.

Wọ́n á ní, “Bébà kò lè bá kọ̀ǹpútà dọ́gba láéláé, kí ni ẹ ń yọ ara yín lẹ́nu sí?” Òótọ́ ni pé wọn kò lè dọ́gba tán, àwa náà sọ ọ́ lókè. Ìdí nìyẹn gan-an tí a fi ní kí ẹ má fi kọ̀ǹpútà ṣe òṣùwọ̀n. Bí ohun méjì kò bá dọ́gba, ẹni kẹta tó wà láàyè, tó jókòó níwájú yín, tó ní ojú tí ẹ yà, òun ni kí ẹ wò.

Ẹ̀yin oníbàárà náà, ẹ má gba bébà kí ẹ sì máa lọ sílé ní kíkùn sínú. Ẹ ní kí wọ́n tẹ èyí tó kéré fún yín wò kí wọ́n tó tẹ ńlá. Ẹ gbé e lọ síbi fèrèsé. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí ní Yorùbá gidi: ó ṣókùnkùn, ó pọ́n rúsúrúsú, ó fà sí eérú, ó ti sọ mí di ènìyàn pupa. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀ ẹ́, ẹ gbọ́ Yorùbá náà bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ẹni tó bá tún fẹ́ wí lọ́la pé àwọ̀ màmá ló dúdú jù, kó kọ́kọ́ na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó fa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, kó tún un tẹ̀. Bí ojú màmá bá wá hàn, kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ màmá.